Ẹ̀kọ́ Kíkọ́ àti Ọgbọ́n Òṣómàáló

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ lójoojúmọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, tí a kì í sì í dúró rò. Bí ọmọ kan bá yege nínú ìdánwò, a ó ní, "Ọmọ náà ń kàwé." Bí òmíràn bá kùnà, a ó ní, "Olódo ni. Kì í kàwé." Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wá pé kí ni kíkàwé jẹ́ gan-an, àti pé ọ̀nà wo ni ọmọ ń gbà ṣe é tí ohun tí ó kà fi ń dúró sí i lórí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní lè dáhùn. Èyí ni ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn wa yìí, nítorí pé ohun tí ojú wa rí ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ní àkókò tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ni dánra wò níbẹ̀, kò jẹ́ kí a lè dákẹ́.

Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríadé. Ajaláyé ni oyè ọba ìlú náà. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ rẹ̀. Kòkó, obì àti ọ̀pẹ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń rí owó. Kì í ṣe ìlú tí kò mọ iyì ìwé. Nígbà tí a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 2006, tí a sì pín ẹ̀ka rẹ̀ sí ìlú mẹ́fà, ẹ̀ka tí ó jẹ́ ti ìmọ̀ olùkọ́ni ni ó bọ́ sí Ìpetu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bá ní kíláàsì kì í ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀. Ní sáà àkọ́kọ́ ọdún ẹ̀kọ́, nígbà tí kòkó bá pọ́n, ti oko ni ọjọ́ Sátidé wọn. Nígbà mìíràn ọjọ́ Jímọ̀ pàápàá a máa bá a lọ. Àkókò tí ó ń ṣẹ́ kù fún ìwé kò tó nǹkan. Nítorí náà, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi wákàtí méjì jókòó ti ìwé, ó yẹ kí wákàtí méjì náà mú èrè wá fún un.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì wa, tí ó wà ní ọdún kejì nínú ọdún mẹ́ta àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Kò sí ẹni tí ń jókòó ti ìwé tó o. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé àìmọye òru ni òun ń ta jí tí òun ń bá a nídìí iná tọ́ọ̀ṣì. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti rí ọ̀rọ̀ tí kò fa ìlà sí. Síbẹ̀, nínú ìdánwò tí a ṣe ní àárín sáà, máàkì 11 ni ó gbà nínú 40. Nígbà tí bàbá rẹ̀, ẹni tí ń ṣe oko kòkó, gbọ́, ó wá bá wa ní ilé ẹ̀kọ́, ó ṣí fìlà rẹ̀ sí ọwọ́, ó ní: "Ẹ̀yin tíṣà, owó kòkó ni mo fi ń rán ọmọ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé orí rẹ̀ kò gba ìwé, ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n mú un lọ síbi iṣẹ́ aṣọ rírán. Ẹ má jẹ́ kí n máa fi ajere pọnmi."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. A kò lè sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kì í kàwé, nítorí a mọ̀ pé ó ń kà á. A kò sì lè sọ pé orí rẹ̀ kò gba ìwé, nítorí pé bí a bá ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ọmọ tí ó ní làákàyè ni. A bẹ bàbá náà pé kí ó fún wa ní àyè títí di òpin sáà. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní lè dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A kò gbọdọ̀ fi ti ara wa pamọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwa tí ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ka ìwé mọ́jú fún òru mẹ́ta ṣáájú ìdánwò kan, a sì fìdí rẹmi. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa pè wá. Kò bá wa wí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: "Bí ẹ bá ní ẹ ń kàwé, kí ni ẹ ń ṣe?" A dáhùn pé à ń kà á ni, bí a bá sì kà á tán, a tún ń kà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti ń ṣìnà." Ohun tí ó ṣàlàyé fún wa lọ́jọ́ náà, àti èyí tí a ti wá rí kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ni a fẹ́ fi yé ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa.

Bí a bá ka ojú ewé kan ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó máa ń rọrùn fún wa, ó sì máa ń dà bí ẹni pé a ti mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Ṣùgbọ́n mímọ ojú kì í ṣe mímọ orúkọ. Ẹ wo bí ó ti máa ń rí ní ọjà: ènìyàn kan kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, ojú rẹ̀ dá wa lójú, a mọ̀ pé a ti rí i rí, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, a kò rí i pè. Ojú ni àkàtúnkà ń jẹ́ kí a mọ̀. Orúkọ ni olùdánwò ń béèrè. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sí ìwé níwájú wa tí yóò rán wa létí. Bébà funfun ni ó wà níbẹ̀, àwa fúnra wa ni yóò sì fa ọ̀rọ̀ jáde láti inú wa. Ohun tí a kò bá sì fi dánra wò nílé, ó ṣòro kí a tó lè ṣe é ní gbangba.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wádìí ọ̀ràn yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1885, ará Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé kan jáde nípa ìrántí àti ìgbàgbé. Ara rẹ̀ ni ó fi dán an wò. Ó ṣètò àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ kankan, ó kọ́ wọn sórí. Lẹ́yìn náà ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tún wọn kọ́, ó sì ṣírò bí ẹ̀kọ́ ti àkọ́kọ́ ti dín làálàá ti ẹ̀ẹ̀kejì kù tó. Ó rí i pé lẹ́yìn wákàtí kan péré, èrè tí ó kù kò tó ìdajì mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ó kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù kan, ó kù bí ìdá kan nínú márùn-ún. Lóòótọ́, ohun tí ó ní ìtumọ̀ a máa pẹ́ lórí ju sílébù lásán lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ìgbàgbé ti ń sáré jù. Bí ó bá pẹ́, a máa rọra. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé, tí kò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ títí di òpin sáà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ní Yunifásítì Washington tí ó wà ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kúkúrú láti kà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà. Wọ́n sì ní kí àwọn kan pa á dé, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Nígbà tí a dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tí ó tún un kà ni ó borí: wọ́n rántí ìdá 81 nínú 100, àwọn tí ó pa ìwé dé sì rántí 75. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, à bá ní kí gbogbo ènìyàn máa kà á ní àkàtúnkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán àwọn mìíràn tí wọ́n ṣe bákan náà wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀ràn yí padà: àwọn tí ó tún un kà rántí 42 péré, àwọn tí ó pa ìwé dé sì rántí 56. Ẹ rí ohun tí ń tan ọmọ jẹ. Ní òru tí ó kà á, ó mọ̀ ọ́n. Ó sì rò pé bí ó ti mọ̀ ọ́n ní òru náà ni yóò ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ ìdánwò.

Ní ọdún 2013, John Dunlosky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin yẹ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá wò, láti mọ èyí tí ó ní ẹ̀rí lẹ́yìn jù. Méjì ni wọ́n fi sí ipò òkè: kí ènìyàn máa dán ara rẹ̀ wò, àti kí ó pín ẹ̀kọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ dípò kí ó kó o pọ̀ sí ọjọ́ kan. Àkàtúnkà àti ìlà fífà sábẹ́ ọ̀rọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí a kà á débẹ̀, bírò pupa ọmọbìnrin wa ni ó wá sí wa lọ́kàn.

Bí ìwádìí wọ̀nyí tilẹ̀ ti òkèèrè wá, ọgbọ́n inú wọn kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa àwọn Òṣómàáló. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà a máa ru aṣọ lọ sí ìlú àti abúlé káàkiri, wọn a sì tà á láwìn fún àwọn tí kò lè san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọjọ́ bá pé, oníṣòwò a padà wá gba díẹ̀. Bí ọjọ́ mìíràn bá pé, a tún padà wá gba díẹ̀ sí i. Bí ajigbèsè bá ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la, Ìjẹ̀ṣà a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a ní òṣó ni òun yóò máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Àwọn ènìyàn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé àti ọ̀pọ̀ owó ilé ìwé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó ti inú òṣó náà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọgbọ́n wọn. Òṣómàáló kì í ka aṣọ tí ó tà láwìn sí owó tí ó wà lápò. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá padà lọ, ó ti sọnù nìyẹn. Kì í fi gbogbo gbèsè sílẹ̀ títí ọdún yóò fi parí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gbà á, ní ọjọ́ tí a dá. Bí ajigbèsè bá sì sọ pé, "Owó wà nílé," kò ní torí èyí dìde. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí owó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé kíkà rí. Ohun tí a kà lónìí, àwìn ni a tà á fún ọpọlọ wa. Bí a kò bá padà lọ sin ín, ọpọlọ kò ní san án. Bí ó bá sì sọ fún wa pé, "Mo mọ̀ ọ́n," kí a má ṣe dìde títí yóò fi kà á jáde lẹ́nu tàbí kí ó kọ ọ́ sórí bébà.

Àwọn baba wa tí kò ní ìwé pàápàá kò kọ́ ẹ̀kọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Odù 256 ni ó wà nínú Ifá, ẹsẹ̀ púpọ̀ sì wà nínú odù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ awo kò ní ìwé tí yóò máa tún kà. Láti ẹnu ọ̀gá ni ó ti ń gbọ́ ọ, níwájú ọ̀gá ni ó sì ti ń kì í padà, fún ọdún púpọ̀. Ìsìn ọ̀tọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ yẹ kí ó kọ́ àwa olùkọ́ lọ́gbọ́n.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ti lè ṣe é, ní ẹsẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì wa.

Èkíní, kí ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ yé ni. Ẹni tí kò ta aṣọ kò ní gbèsè tí yóò sìn. Ohun tí kò yé ọmọ, kò sí bí yóò ti rántí rẹ̀ kí ó wúlò. A sọ fún àwọn ọmọ náà pé bí wọ́n bá ka ìpín kan tán, kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún ara wọn ní èdè tí wọ́n fi ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ nílé. Bí àlàyé bá há sí wọn lẹ́nu, kí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni kò yé wọn, kí wọ́n padà síbẹ̀, tàbí kí wọ́n wá bi wá. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èdè ìyá wọn yóò ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú ẹ̀kọ́ yòókù.

Èkejì, kí a pa ìwé dé, kí a sì bi ara wa léèrè. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ ìtàn kan ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni Ogun Kírìjì. Ọmọ tí ó ń fi ìlà pupa kà á yóò kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, yóò sì sùn. Ọmọ tí ó gbọ́n yóò kà á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, yóò pa ìwé dé, yóò mú bébà, yóò sì béèrè: Àwọn wo ni ó ja ogun náà? Ìbàdàn ni, àti àwọn Èkìtìparapọ̀ tí Ìjẹ̀ṣà wà nínú wọn. Ta ni ọ̀gágun Èkìtìparapọ̀? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbé ará Iléṣà ni. Ní ọdún wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ní nǹkan bí ọdún 1877. Ní ọdún wo ni a tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà? Ní 1886. Ní ọdún wo ni àwọn jagunjagun tó tú ká kúrò ní ibùdó? Ní 1893. Èé ṣe tí a fi pè é ní Kírìjì? Nítorí ìró ìbọn ni. Èé sì ti ṣe tí àwọn ìlú kéékèèké fi parapọ̀ dojú kọ Ìbàdàn? Ibẹ̀ ni yóò ti dúró, yóò fi ọwọ́ ra orí, yóò wá a nínú ọkàn rẹ̀. Wíwá yìí gan-an ni ẹ̀kọ́. Kí ó má ṣe yára ṣí ìwé. Bí ó bá sì wá a tì, nígbà náà ni kí ó ṣí i, kí ó wò ó, kí ó tún pa á dé, kí ó sì tún dáhùn. Ó le, ó sì máa ń ti ènìyàn lójú níwájú ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún un, tí wọ́n sì ń padà sí àkàtúnkà tí kò ni wọ́n lára.

Ẹ̀kẹta, kí a dá ọjọ́ fún gbèsè. Ẹ̀kọ́ tí a bi ara wa lónìí, kí a tún bi ara wa lọ́la, láìkọ́kọ́ ṣí ìwé. Lẹ́yìn èyí, a mú ètò ọjọ́ tí àwọn àgbà fi ń ná ọjà tí wọ́n sì fi ń pe ìpàdé: ọrún, tí í ṣe ọjọ́ karùn-ún, ìsán, tí í ṣe ọjọ́ kẹsàn-án, àti ìtàdógún, tí í ṣe ọjọ́ kẹtàdínlógún, bí a bá ka ọjọ́ tí a kọ́ ẹ̀kọ́ náà mọ́ ọn. Kì í ṣe pé ìwádìí kan fi àṣẹ lé àwọn ọjọ́ wọ̀nyí gan-an. Ohun tí a ń wá ni pé kí àárín wọn máa gbòòrò sí i bí ẹ̀kọ́ náà ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn ọmọ Ìpetu kò sì nílò kí a kọ́ wọn ní orúkọ tuntun fún un. Ìgbà kọ̀ọ̀kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ń ti oko bọ̀ lè ṣe é lójú ọ̀nà, láìmú ìwé lọ́wọ́ rárá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀kẹrin, kí a tọ́jú àṣìṣe wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jẹ́ pé bí a bá dá ìwé ìdánwò padà fún wọn, máàkì nìkan ni wọn yóò wò. Wọn yóò sì ká a sínú àpò. A ní kí àwọn ọmọ wa ní ìwé kékeré kan fún àṣìṣe, kí wọ́n kọ ìbéèrè tí wọ́n ṣì sí ojú kan, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ẹ̀yìn ewé, kí wọ́n lè máa bi ara wọn láìrí ìdáhùn. Ní ti ìṣirò, wíwo ìṣirò tí olùkọ́ ti ṣe sórí pátákó dà bí wíwo ẹni tí ń gun ọ̀pẹ: ojú yóò mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, kí ó ṣe é fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì ti mọ oríṣi mélòó kan, kí ó dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn, nítorí pé nínú ìdánwò kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé oríṣi báyìí ni èyí tí ó kàn.

Ẹ̀karùn-ún, kí a sùn. Nígbà tí a bá ń sùn ni ọpọlọ ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sí ààyè rẹ̀, ẹni tí ó bá sì kàwé mọ́jú a máa mú ojú tí ó wúwo àti ọkàn tí kò já gaara wọ inú ìdánwò. Wákàtí kan láìsí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni sàn ju mẹ́ta tí a ń fi ojú kan wo ìwé, tí a ń fi èkejì wo fóònù. A kò fi èyí tako ẹ̀rọ. Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀rọ kan jáde tí a pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀, a sì pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣí ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, tí ó sì yára wo ìdáhùn, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń fa ìlà pupa. Bí a ti lo ohun èlò ni ó ṣe pàtàkì ju ohun èlò náà lọ.

Ẹ ó béèrè pé kí ni ó ti inú rẹ̀ jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó kù kí sáà parí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin náà sunkún. Ó ní nígbà tí òun ń kà á bí ti àtẹ̀yìnwá, òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí òun ń pa ìwé dé, òun kò mọ nǹkan kan. A sọ fún un pé òun kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé nílé ni ó ti wá mọ̀ báyìí, nígbà tí àyè àtúnṣe ṣì wà, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó fara dà á. Ní ìparí sáà, máàkì 23 ni ó gbà nínú 40. Kì í ṣe òun ni ó ṣe ipò kìíní, kò tilẹ̀ sí nínú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó ti fi ìlọ́po méjì ju 11 lọ.

Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá ti Àjọ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyíinì ni WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, láti A1 dé F9 ni a ń to èsì. C6 ni kírẹ́díìtì tí ó kéré jù. D7 tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe kírẹ́díìtì. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni yunifásítì sì ń béèrè, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀. Nítorí náà, máàkì díẹ̀ ni ó wà láàárín ọmọ tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún àti ọmọ tí a ti ìlẹ̀kùn mọ́. Máàkì díẹ̀ náà ni a ń jà fún.

A kò ní parọ́ pé gbogbo wọn ni ó yege. Ọmọkùnrin kan ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì dá a dúró. Máàkì rẹ̀ kò kúrò níbi tí ó wà. Ọmọ mìíràn wà tí gbogbo ètò wa kò ràn lọ́wọ́, títí a fi ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ kò ríran dé pátákó. Ìjókòó iwájú ni ó nílò, àti awò ojú, kì í ṣe ọgbọ́n ìkàwé. Ẹni tí ebi ń pa náà ńkọ́? Kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí ń ṣe ọmọ, kí a tó sọ pé ìwà rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa tí a ó di olùkọ́ lọ́la. Bí ó bá jẹ́ pé bíbéèrè ni ẹ̀kọ́ fi ń dúró, ọwọ́ wa ni ó wà láti máa béèrè. Kí ẹ̀kọ́ òní tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ìṣẹ́jú márùn-ún bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta: ọ̀kan láti inú ẹ̀kọ́ àná, ọ̀kan láti inú ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọ̀kan láti inú ti oṣù tí ó kọjá. Kí gbogbo wọn kọ ìdáhùn sílẹ̀, kì í ṣe àwọn tí ń nawọ́ sókè nìkan. Kí a má ṣe gba máàkì sílẹ̀ fún un, kí a má sì ṣe mú pàṣán dání, nítorí pé ọmọ tí ẹ̀rù ń bà yóò wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀ ni, kò ní wo inú ara rẹ̀. Kí a sọ ìdáhùn tí ó tọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ó lè yé àwọn ọmọ pé ìdánwò kì í ṣe ìdájọ́ tí ń bọ̀ ní ìparí ọdún nìkan. Irin iṣẹ́ ni, bí àdá àti ọkọ́.

Kí a sì fi orúkọ náà, olódo, sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ ju ẹni tí ó yege lọ. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn wọ́n ni. Nígbà tí bàbá ọmọbìnrin wa padà wá ní ọjọ́ tí a ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ó mú ìwé èsì náà lọ́wọ́, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Tíṣà, èwo ni 23 yìí? Ṣé ó dára?" A ní ó dára, yóò sì tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá ń bá a nìṣó. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Kí ó máa bá a lọ. Iṣẹ́ aṣọ rírán kò ní sá lọ."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ìdánwò tiwa náà kò jìnnà mọ́. Ìwé tí a ti kà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, gbèsè ni gbogbo rẹ̀ wà níta. Ẹ jẹ́ kí a pa ìwé dé ní alẹ́ òní, kí a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á díẹ̀díẹ̀.